Kí Àgbàlagbà Má Baà Wá Lẹ́ẹ̀mẹta Nítorí Ọ̀rọ̀ Kan

Ìbéèrè: "Mo ń darí ẹ̀ka kan ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbàlagbà. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti kó àwọn fọ́ọ̀mù wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì rò pé èrò yóò dínkù ní ẹnu ọ̀nà wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni àwọn àgbàlagbà ṣì ń dé pẹ̀lú fáìlì wọn lábẹ́ apá. Àwọn kan nínú wa ní kí a máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní kí a ti káńtà pa, pé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́, wọn yóò kọ́ ọ fúnra wọn. Èwo ni kí a ṣe nínú méjèèjì?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n gbé wá síwájú yín, ọ̀kan wúlò díẹ̀, èkejì léwu, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni ó wà ní ìdí àwọn méjèèjì: wọ́n gbà pé lára àgbàlagbà ni ìṣòro wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọ́fíìsì bíi tiyín ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì máa ń bá níbẹ̀ ni pé ohun tí ọ́fíìsì ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ni ó ń dá a padà sí ẹnu ọ̀nà, ju ẹ̀rọ tí a fi ń béèrè rẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù tí ó ṣòro lórí ìwé yóò ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí ó ní sùúrù, kí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì bi gbogbo àgbàlagbà tí ó bá wọlé ní ìbéèrè méjì péré: kí ni ẹ bá wá, ìgbà mélòó ni ẹ sì ti wá nítorí ọ̀rọ̀ yìí? Kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìyí i sí èdè ọ́fíìsì. Ìbéèrè kejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nígbà àkọ́kọ́ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹni tí ó ń kún ẹnu ọ̀nà ni ẹni tí ó ti wá rí, tí wọ́n ní kí ó lọ mú ìwé kan wá, tí ó mú un wá, tí wọ́n tún ní ẹ̀dà rẹ̀ kò hàn dáadáa. Tàbí ẹni tí ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti orí fóònù ọmọ rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni yìí kò sá fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti lò ó. Èsì ni ó wá béèrè.

Kí n tètè mú ìrètí kan kúrò lọ́nà, nítorí mo mọ̀ pé a máa ń rí ẹni tí ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀: pé bí ìran tí kò mọ ẹ̀rọ lò bá ti kọjá, àwọn tí yóò dàgbà lẹ́yìn wọn yóò ti mọ̀ ọ́n lò, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, bílíọ̀nù kan ni àwọn ènìyàn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún sókè ní gbogbo ayé, pé ní 2030 ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà ni yóò wà ní ipò yẹn, àti pé ní 2050 iye wọn yóò ti tó bílíọ̀nù 2.1. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bọ̀ yìí mọ fóònù lò dáadáa lónìí. Ṣùgbọ́n fóònù òní kọ́ ni wọn yóò máa lò nígbà tí wọ́n bá pé ẹni 80 ọdún, ojú òní kọ́ sì ni wọn yóò fi wò ó. Ẹ̀rọ ń yí padà, ara náà ń yí padà, àwọn méjèèjì kò sì forí lé ibì kan náà. Bákan náà, ẹ má fi ojú kan wo gbogbo àgbàlagbà. Ẹni 62 ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lè mọ ìkànnì yín ju àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ, nígbà tí ẹni 88 ọdún tí kò lè dá jáde nílé kò ní rí ẹnu ọ̀nà yín rárá, yálà ti ilé tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara náà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ìkànnì fún ìjọba kì í sábà bojú wò. Láti bí ẹni 40 ọdún ni ohun tí ó dà bí jígí nínú ẹyinjú ti ń le, tí kò sì rọrùn fún ojú mọ́ láti rí ohun tí ó wà nítòsí. Nígbà tí ènìyàn bá sì fi pé 60, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé inú lọ́hùn-ún ojú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó ń dé ojú ẹni 20 ọdún lọ. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun, tí ó dùn-ún wò lójú ọ̀dọ́ tí ó ṣe é, ń pòórá mọ́ àgbàlagbà lójú. Etí náà ní tirẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń sọnù, ìró bíi s, f àti t kò sì hàn ketekete mọ́, nítorí náà àgbàlagbà lè gbọ́ pé a ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́ ohun tí a ń sọ. Òṣìṣẹ́ tí ó bá wá ń pariwo mọ́ ọn kò ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ó rọra ń sọ̀rọ̀, tí ó sì kọjú sí i kí ó lè máa wo ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò wọlé. Awọ ìka máa ń gbẹ, ìlà inú rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ tí ń ka ìtẹ̀ka kì í dá àwọn mìíràn mọ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Èyí tí mo rí i pé ó ń fa wàhálà jù lọ ni ìrántí ìgbà díẹ̀, ìyẹn agbára láti di nǹkan kan mú sọ́kàn nígbà tí ọwọ́ ń ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ ronú sí nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́fà tí ìkànnì yín ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí ènìyàn tó lè wọlé. Àgbàlagbà náà ní láti kúrò lórí ìkànnì, kí ó wá ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ wà, kí ó ka nọ́ńbà náà, kí ó há a sórí, kí ó padà, kí ó rí i pé ìkànnì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tún béèrè nọ́ńbà tuntun, kí ó sì wá fi ti àkọ́kọ́ sí i nítorí pé òun ni ó ti há sórí. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ìkànnì yóò tì í síta fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, yóò sì sọ fún un ní lẹ́tà pupa pé ó ti ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í tún gbìyànjú mọ́. Ojú ń tì wọ́n. Bí ẹ bá rí wọn ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, wọn yóò sọ fún yín pé àwọn kò mọ kọ̀ǹpútà lò, ẹ̀yin náà yóò sì gbà wọ́n gbọ́.

Ìlànà àgbáyé wà fún irú nǹkan báyìí. W3C, àjọ tí ó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní WCAG jáde láti 1999, èyí tí ó sì jáde ní 2023 ni WCAG 2.2. Ó sọ iye tí àwọ̀ lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi; ó ní kí ènìyàn lè sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ohunkóhun sọnù lójú ìwé; ó ní kí a kìlọ̀ fún ènìyàn kí àkókò tó tán, kí ó sì ní ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20 láti fi béèrè àkókò sí i; ó sì ní kí a má ṣe fi há-a-sórí dí ènìyàn lọ́nà nígbà tí ó bá fẹ́ wọlé, kí ó lè da páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ láti ibòmíràn tàbí kí fóònù bá a rántí rẹ̀. Ẹ kò nílò kí ẹ mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tí ẹ nílò ni pé kí ó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tí ń ṣe ìkànnì yín, kí ó sì wà níbẹ̀ kí ẹ tó san owó rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n bí ìkànnì yín bá tilẹ̀ dára tó báyìí, tí òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì le koko, ọ̀nà dídán ni ẹ là lọ sí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rí ìwàláàyè bí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń béèrè pé kí afẹ̀yìntì wá fi ara rẹ̀ hàn lọ́dọọdún, kí owó má baà máa lọ sí orúkọ ẹni tí ó ti kú. Ìdí náà mọ́gbọ́n wá, nítorí jìbìtì wà lóòótọ́. Ní Íńdíà, ìjọba dá ètò Jeevan Pramaan sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2014, kí afẹ̀yìntì lè fi ìtẹ̀ka jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè láìjẹ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì tí ń sanwó fún un. Ìrọ̀rùn gidi ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ìka tí ó ti gbó ni ìka tí ó ti gbó. Ní 2021 wọ́n fi ìdánimọ̀ ojú kún un. Mo gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀ ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò dáhùn: kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé alààyè ni yóò máa wá jẹ́rìí ara rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ikú ni à ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ní Britain, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tell Us Once, nínú èyí tí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ìròyìn náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ìròyìn ikú bá ti ń dé ọ́fíìsì yín ní àkókò, kìkì ẹni tí iyèméjì bá wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ máa pè.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí gbogbo ìwé tí ẹ ń béèrè. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ́fíìsì tí ó ń fúnni ní ìwé náà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìjọba ni ó fi í sílẹ̀, a jẹ́ pé àgbàlagbà náà ni ẹ sọ di òjíṣẹ́ láàárín ọ́fíìsì méjì tí ẹnìkan náà ń san owó iṣẹ́ fún. Láti 2001 ni Estonia ti ń lo ètò X-Road, tí àwọn ọ́fíìsì fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn dípò kí wọ́n máa rán ará ìlú. Ẹ kò ní láti dúró de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tí ó ní fóònù àti àyè láti pe akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kejì lè yanjú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó tilẹ̀ rí i pé kò sí ẹni tí ó nílò ìwé náà. Mo ti dé ọ́fíìsì kan rí tí wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹni tí àwọn fúnra wọn ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún láti bí ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní nítorí pé ó wà nínú fọ́ọ̀mù ni.

Lẹ́tà yín náà ń kó èrò wá sí ẹnu ọ̀nà, bóyá ju ohunkóhun mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ó rọrùn jù láti tún ṣe. Lẹ́tà ìjọba sábà máa ń rí báyìí: "Ní ìbámu pẹ̀lú abala kẹrìnlá òfin tí ó rọ̀ mọ́ ètò tí a dárúkọ lókè yìí, a ń fi tó yín létí pé àìfi ìwé ẹ̀rí tí ó yẹ ránṣẹ́ láàárín àkókò tí a là kalẹ̀ lè yọrí sí ìdádúró ìsanwó." Àgbàlagbà tí ó ń dá gbé, tí ó sì gba lẹ́tà yìí ní ọjọ́ Ẹtì, ohun kan ṣoṣo ni yóò rí nínú rẹ̀: wọ́n fẹ́ gba owó mi. Kò ní sùn títí ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà yín ni yóò sì ti kí òwúrọ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kan náà bí ènìyàn ṣe lè kọ ọ́: "A ṣì ń san owó yín. Ohun kan ni a fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín: ìwé tí ó fi àdírẹ́sì yín tuntun hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pè wá sórí nọ́ńbà yìí, a ó bá yín wá ọ̀nà mìíràn." Nínú lẹ́tà kejì yìí, ọ̀rọ̀ tí ó ń ba àgbàlagbà lẹ́rù ni a kọ́kọ́ dáhùn, ohun tí ó máa ṣe ni ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ sì wà ní ìparí. Ẹ lè fi abala òfin sí ìsàlẹ̀ pátápátá fún agbẹjọ́rò tí ó bá fẹ́ kà á. Kí lẹ́tà inú rẹ̀ má kéré sí ìwọ̀n 12, 14 ni ó sì dára jù, lórí ìwé tí kì í dán.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ káńtà tí wọ́n ní kí ẹ tì. Ẹ má tì í. Denmark wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti lọ jìnnà jù ní gbígbé iṣẹ́ ìjọba sórí ẹ̀rọ: láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2014 ni lẹ́tà ìjọba ibẹ̀ ti ń lọ sínú àpótí orí ẹ̀rọ gbogbo ẹni tí ó ti pé ọdún 15. Síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè lò ó láti yọ ara rẹ̀ kúrò, kí ó sì máa gba lẹ́tà lórí ìwé. Ní Ṣáínà, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, koódù ìlera tí ó wà lórí fóònù ni ènìyàn fi ń wọ ọkọ̀ tí ó sì fi ń wọ ilé ìwòsàn, àwọn àgbàlagbà tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì há sí ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá 2020, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ gbé ètò kan jáde tí ó pàṣẹ pé kí ọ̀nà àtijọ́ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun fún àwọn àgbàlagbà. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ kò yé. Ẹ̀rọ tí ó yé wọn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kí ọ̀nà púpọ̀ wà kò tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà ni gbogbo wọn já sí. Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù lórí ìwé, tí ó pe fóònù láti béèrè ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì wá sí káńtà láti parí rẹ̀, kí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè rí gbogbo ohun tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù yín jẹ́ èyí tí ènìyàn ń dáhùn, tàbí, bí ẹ̀rọ bá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn, kí ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ, kí ó má jẹ́ ìkẹsàn-án. Àwọn kan wà tí kò ní lè gba ọ̀nà kankan nínú ìwọ̀nyí. Ilé ni kí òṣìṣẹ́ lọ bá wọn. Yóò ná yín lówó, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n iye irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ bí ọ̀gá àgbà ṣe ń bẹ̀rù.

Lórí káńtà fúnra rẹ̀, díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Kí àga ní ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tì dìde. Kí nọ́ńbà ẹni tí ó kàn hàn lójú, kí a sì pè é sókè pẹ̀lú. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí, nítorí àwọn kan kì í wá rárá bí kò bá dá wọn lójú pé ó wà. Kí yàrá kékeré kan wà fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, nítorí gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn, iye owó tí ń wọlé fún ènìyàn àti orúkọ àìsàn rẹ̀ kì í sì ṣe ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìlà máa gbọ́. Bí àgbàlagbà bá mú ọmọ rẹ̀ dání, àgbàlagbà ni kí òṣìṣẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun sì ni àwọn àgbàlagbà máa ń rántí jù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n mú dání yìí gbòòrò ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; a mọ̀ pé nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí ó ń dé ọ̀dọ̀ yín lórí ẹ̀rọ ní orúkọ àgbàlagbà, ọwọ́ ọmọ, ọmọ-ọmọ tàbí aládùúgbò ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn. Ìkànnì yín kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹni tí ó ni páswọ́ọ̀dù wọlé. Nítorí pé ẹ kò fi àyè sílẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́ lójú mọ́mọ́, ẹ ti fi ipá mú àwọn ènìyàn rere láti máa ṣe bí ẹlòmíràn, ẹ kò sì ní ọ̀nà kankan láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni burúkú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ẹnìkan nínú mẹ́fà lára àwọn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún ni wọ́n hu irú ìwà ìkà kan sí láàárín ọdún kan ní àwùjọ tí wọ́n ń gbé, jíjí owó wọn sì wà lára irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ni ni ó sì sábà máa ń mọ ibi tí owó wà.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn ọ́fíìsì níyànjú ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà lè yan aṣojú, kí aṣojú náà ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ sì jẹ́ ìpele-ìpele. Ẹnìkan lè ní àṣẹ láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé láìní àṣẹ láti yí ohunkóhun padà. Ẹlòmíràn lè kọ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n àṣẹ láti yí àkáǹtì tí owó ń wọ̀ padà gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ọ́fíìsì sì bá àgbàlagbà náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lójúkojú tàbí lórí fóònù, nígbà tí aṣojú kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó lè gba àṣẹ náà padà lọ́jọ́ tí ó bá wù ú, láìṣàlàyé. Ẹ má sì ṣe gbé gbogbo ètò náà lé orí ọmọ, nítorí àwọn kan kò bímọ, ọmọ àwọn mìíràn wà ní òkè òkun, ti àwọn ẹlòmíràn ni ẹni gan-an tí wọ́n ń sá fún. Fún irú wọn, òṣìṣẹ́ yín ni kí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ohun kan tún so mọ́ èyí: ẹ má ṣe fi líǹkì sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì ń kọ irú rẹ̀, àgbàlagbà tí ẹ bá sì ti fi tiyín kọ́ láti máa tẹ líǹkì ni wọn yóò fi tiwọn mú.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn kan dá lábàá kì í ṣe ohun burúkú. Ó ń so èso nígbà tí ó bá jẹ́ pé fóònù àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀ ni a fi kọ́ ọ, lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, tí olùkọ́ kò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe é fún un. Ó ń di òfo nígbà tí a bá kó ogún ènìyàn sí yàrá kan tí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bá fẹ́. Kí ẹ má sì ṣe kà á sí àwáwí láti fi ìkànnì yín sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ó ku àwọn tí ẹ kò rí. Ẹnu ọ̀nà yín tí ó kún ti gba gbogbo ọkàn yín, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá síbẹ̀ ṣì ní ẹsẹ̀, owó ọkọ̀ àti ìgboyà. Ní Britain, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìdá kan nínú mẹ́ta lára àwọn ìdílé tí owó Pension Credit tọ́ sí ni kì í béèrè fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan kò mọ̀ pé ó wà, àwọn kan rò pé àwọn kò kúnjú òṣùwọ̀n, àwọn mìíràn kò fẹ́ kí ó dà bíi pé àwọn ń tọrọ. Bí ẹ bá ní ìwé orúkọ àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó àti ti àwọn tí ń gba owó, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú èkejì. Níbi tí òfin bá gbà yín láyè láti san owó náà láìdúró de fọ́ọ̀mù, ẹ san án.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ọ̀sẹ̀ ìbéèrè méjì yẹn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, n ó sì tún lẹ́tà kan ṣoṣo kọ, èyí tí ìwé òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà bá fi hàn pé òun ni ó ń kó èrò wá jù. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fún àgbàlagbà márùn-ún tí kò mọ ọ́fíìsì yín rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọn yóò ṣe bí wọ́n bá gba irú rẹ̀ lọ́la. Ẹ má ṣe ṣàlàyé fún wọn. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, tàbí tí ẹnìkan bá ti ní òun yóò kọ́kọ́ wá rí yín, ẹ fàlà sí i lábẹ́, kí ẹ sì tún ibẹ̀ kọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ dá òṣìṣẹ́ yẹn padà sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbéèrè méjì kan náà. Nígbà náà ni kí ẹ wá pe àwọn tí ó ní kí ẹ ti káńtà pa, kí ẹ sì gbé ìwé méjèèjì síwájú wọn.